Kábọ́nù nánò nínú ilẹ̀: èwo ni ká mú, ìdánwò wo ni ká fi wò ó?

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí kábọ́nù nánò (kábọ́nù tí ẹyọ rẹ̀ kúnná dé ìwọ̀n nánòmítà) ń ṣe fún àwọn ohun alààyè tín-tìn-tín inú ilẹ̀ ní ìpinnu méjì láti ṣe kó tó wọn gíráàmù ilẹ̀ kan ṣoṣo: kábọ́nù wo ni yóò lò, ìdánwò wo ni yóò sì fi wo ẹ́ńsáìmù, àwọn ohun tí ẹ̀dá alààyè ń ṣe láti fi wó oúnjẹ. Ọ̀pọ̀ máa ń pinnu méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Kábọ́nù tí a fura sí pé ó ń pa ẹ́ńsáìmù lára lè jẹ́ òun kan náà tí yóò gbé àwọ̀ ìdánwò wa mì. Àwọ̀ inú ìgò á ṣá, a ó ní ẹ́ńsáìmù ti kú, bẹ́ẹ̀ àwọ̀ ló lẹ̀ mọ́ kábọ́nù.

Ìfiwéra yìí wà fún ẹni tó ní yàrá ìdánwò kékeré: òṣùwọ̀n tó ń ka mílígíráàmù, incubator (àpótí tó ń mú ooru dúró lójú kan), centrifuge (ẹ̀rọ tó ń yí ìgò kí ohun inú omi lè sọ̀kalẹ̀) àti spectrophotometer (ẹ̀rọ tó ń ka àwọ̀). Èyí tó bá nílò ẹ̀rọ tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, a ó sọ ọ́.

Kábọ́nù mẹ́rin, ìwà mẹ́rin

Fullerene C60 ló rí bíi bọ́ọ̀lù: átọ̀mù kábọ́nù 60 tó so kọ́ra, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 0.7 nánòmítà. Ọdún 1985 ni wọ́n ṣàwárí rẹ̀, àwọn tó ṣe é sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1996. Kì í yọ́ nínú omi. Ọ̀nà méjì ni wọ́n sábà fi ń mú un wọ omi. Wọ́n lè kọ́kọ́ yọ́ ọ nínú tetrahydrofuran (kẹ́míkà olómi kan), kí wọ́n wá mú tetrahydrofuran náà gbẹ kúrò. Wọ́n sì lè máa rò ó nínú omi lásán fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ mú ti ríro, bó tilẹ̀ ń pẹ́. Tetrahydrofuran kì í tán pátápátá, ohun tó ń jẹrà sí sì lóró: ní 2007, ìwádìí kan lórí ọmọ ẹja zebrafish fi hàn pé ohun tó jẹrà láti ara tetrahydrofuran ló ń pa wọ́n, kì í ṣe C60 fúnra rẹ̀.

Nínú omi, C60 máa ń pa bakitéríà. Nínú ilẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà. Ìwádìí Yunifásítì Purdue ní 2007 fi 1 µg (máíkírógíráàmù) C60 onómi àti 1000 µg C60 oníyẹ̀fun sínú gíráàmù ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Mímí ilẹ̀ (carbon dioxide tí àwọn ohun alààyè inú rẹ̀ ń mí jáde), ẹ́ńsáìmù àti ìtò àwọn bakitéríà (irú èyí tó pọ̀ àti èyí tó kéré) kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí. Ohun jíjẹrà inú ilẹ̀ ló ń bo C60 mọ́lẹ̀. Síbẹ̀, ní 2008, àwọn mìíràn lo ìwọ̀n tí kò ju 50 mg/kg lọ, wọ́n sì rí i pé iye bakitéríà tó ń tètè pọ̀ dín kù ní ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin kété tí wọ́n po C60 mọ́ ilẹ̀, nígbà tí mímí ilẹ̀ kò yí rárá. Ẹ fi èyí sọ́kàn: mímí nìkan kì í sọ gbogbo ọ̀rọ̀.

Nanotube, ọ̀pá oníhò tín-ín-rín tó dà bí ewé kábọ́nù tí a ká, pín sí méjì. Oníwé-kan, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ nánòmítà kan sí méjì, àti oníwé-púpọ̀, tí tirẹ̀ lè tó ẹ̀wá-ẹ̀wá nánòmítà. Bí a bá wọ̀n wọ́n dọ́gba, oníwé-kan ló le jù. Ìwádìí kan ní 2013 rí i pé ọ̀pọ̀ ẹ́ńsáìmù àti ìwọ̀n ohun alààyè inú ilẹ̀ dín kù láti 300 µg dé 1000 µg oníwé-kan nínú gíráàmù ilẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Fún oníwé-púpọ̀, ìwádìí 2011 kan ní Kòríà rí irú ìdínkù bẹ́ẹ̀ kedere ní 5000 µg lẹ́yìn ọjọ́ 20; ní 500 µg, ó kàn ń fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni. Àwọn mìíràn lo oníwé-púpọ̀ fún ọjọ́ 90 lórí ilẹ̀ oníyanrìn kan ní Amẹ́ríkà, wọn kò sì rí ohunkóhun títí dé 1000 mg/kg. Ìgbà tó dé 10,000 ni ìtò àwọn bakitéríà àti olú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yí. Ní ti olú, ẹ má ṣe gbàgbé rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi oníwé-kan tí wọ́n ti fi ásíìdì tún ara rẹ̀ ṣe sínú ilẹ̀ ìlú, bakitéríà padà sípò láàárín ọjọ́ 14, olú kò padà.

Àléébù nanotube ni irin tí wọ́n fi hù ú. Irin, níkẹ́ẹ̀lì tàbí kóbọ́ọ̀tì máa ń kù sínú rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ sì lè ju ìdá 10 nínú 100 lọ nínú èyí tí wọn kò fọ̀. Tí ẹ bá lo irú rẹ̀, ẹ kò mọ̀ bóyá nanotube ni ẹ ń dán wò tàbí níkẹ́ẹ̀lì. Èyí tí wọ́n ti fi nitric acid fọ̀ mọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ti yí: ó ti ní ẹgbẹ́ carboxyl, ó sì ń tètè tàn ká nínú omi. Kì í tún ṣe ohun kan náà mọ́, nítorí náà ẹ má fi àbájáde èkíní gbe ti èkejì lẹ́sẹ̀.

Graphene oxide ló rọrùn jù láti mú wọ ilẹ̀, torí ó tàn káàkiri omi fúnra rẹ̀. Ó rí bí ewé pẹlẹbẹ tí ọ́síjìn kún ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n ń ṣe ní ọ̀nà Hummers, tó ti wà láti 1958: potassium permanganate nínú sulphuric acid tó le gan-an. Ibẹ̀ ni ìṣòro rẹ̀ wà. Bí a kò bá fọ̀ ọ́ dáadáa, mánganíìsì àti ásíìdì á kù sínú rẹ̀, pH omi rẹ̀ (òṣùwọ̀n ásíìdì; bó bá ṣe kéré tó ni ásíìdì ṣe pọ̀ tó) sì lè jẹ́ 2 tàbí 3. Ẹ́ńsáìmù wo ni kò ní rẹ̀wẹ̀sì tí wọ́n bá da ásíìdì lé e lórí? Ẹ fi dialysis fọ̀ ọ́, ìyẹn kí ẹ rì í sínú omi nínú àpò tó ń jẹ́ kí ásíìdì jáde, títí pH omi òde yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú omi tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ìwádìí 2015 kan lo 0.1, 0.5 àti 1 mg nínú gíráàmù ilẹ̀: xylosidase, phosphatase àti ẹ́ńsáìmù tó ń wó chitin lọ sílẹ̀ tó ìdajì títí di ọjọ́ 21, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ohun alààyè kò yí títí di ọjọ́ 59. Ẹ́ńsáìmù lọ sílẹ̀, ẹni tó ń ṣe é wà níbẹ̀: ó lè jẹ́ pé ẹ́ńsáìmù ti lẹ̀ mọ́ ewé náà, ó lè jẹ́ oúnjẹ rẹ̀ ló lẹ̀ mọ́ ọn, ó sì lè jẹ́ àwọ̀ ìdánwò.

Èwo ni ká mú, nígbà náà? Tí ìbéèrè yín bá jẹ mọ́ ìdọ̀tí ilé iṣẹ́, pílásítíìkì tàbí táyà, oníwé-púpọ̀ ni, torí òun ni wọ́n ń ṣe jù nínú nanotube. Tí ó bá jẹ mọ́ asẹ́ omi tàbí ohun tí wọ́n ń dà sí oko pẹ̀lú omi, graphene oxide ni. Oníwé-kan wọ́n, ẹ lò ó nìkan tí ẹ bá fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe lè burú tó. C60, lójú tiwa, kò fi bẹ́ẹ̀ tó owó rẹ̀ fún iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù inú ilẹ̀.

Ìwọ̀n àti ọ̀nà pípo

Iye nanotube tí àwọn onímọ̀ fojú bù pé yóò wà nínú ilẹ̀ wà láàárín nánògíráàmù sí máíkírógíráàmù nínú kílò kan. Ohun tí à ń lò nínú yàrá ìdánwò pọ̀ jù ú lọ lọ́nà tó bani lẹ́rù. Ẹ mú 0, 1, 10, 100 àti 1000 mg/kg, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ kedere pé 1000 jẹ́ òkè téńté tí ilẹ̀ oko lásán kì í dé.

Fún ilẹ̀ gbígbẹ 100 g ní 100 mg/kg, 10 mg ni ẹ nílò. Ẹ má da 10 mg lé 100 g lórí kí ẹ máa rò ó; kò ní kárí. Ẹ kọ́kọ́ po ó mọ́ ilẹ̀ gbígbẹ 5 g, ẹ wá po ìyẹn mọ́ 20 g, lẹ́yìn náà ẹ po gbogbo rẹ̀ mọ́ ìyókù. Ìyẹ̀fun nanotube fúyẹ́ ju èlùbọ́ lọ: ẹ pa fáànù, ẹ wọ̀n ọ́n nínú àpótí tó ń fa afẹ́fẹ́, ẹ lo ìbòmú tó ń sẹ́ eruku kíkúnná, kì í ṣe aṣọ ìbòmú lásán. Tí ẹ bá lo graphene oxide tó jẹ́ 2 mg nínú mílílítà kan, 5 mL ló máa fún yín ní 10 mg. Ẹ ka omi 5 mL náà mọ́ omi tí ilẹ̀ yóò mu. Omi ilẹ̀ kí ó wà láàárín ìdá 40 sí 60 nínú 100 iye omi tí ilẹ̀ náà lè gbà dúró, bí ìlànà 217 ti àjọ OECD lórí ìdánwò ilẹ̀ ṣe là á sílẹ̀.

Ohun méjì ló wọ́pọ̀ tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ níbí. Àwọn kan a fi SDS, irú ọṣẹ kan, tú nanotube ká nínú omi. SDS fúnra rẹ̀ ń pa bakitéríà. Àwọn mìíràn a lo gum arabic, oje igi. Bakitéríà á jẹ ẹ́, mímí ilẹ̀ á lọ sókè, wọ́n á sì ní kábọ́nù nánò dára fún ilẹ̀. Omi lásán ni kí ẹ lò pẹ̀lú ẹ̀rọ sonication oníbàfù, èyí tó ń fi ìró gbọn omi. Ẹ̀rọ sonication onírin gbọọrọ máa ń gé nanotube kúrú, orí rẹ̀ sì ń jẹ díẹ̀díẹ̀, ó ń já tìtáníọ́mù sínú omi yín.

Ilẹ̀ àfiwé mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Àkọ́kọ́ gba omi nìkan. Èkejì gba omi tí a yọ lára kábọ́nù náà: ẹ rò ó nínú omi, ẹ fi centrifuge yí i, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ sì da omi mímọ́ náà síbẹ̀, òun ni yóò sọ bóyá irin tàbí ásíìdì ló ń jà. Ẹ̀kẹta gba èédú lílọ̀ tí kì í ṣe nánò, ní ìwọ̀n kan náà. Tí èédú lásán bá ṣe ohun tí nanotube ṣe, kò sí ohun tó jẹ mọ́ nánò nínú ọ̀rọ̀ yín.

Ìdánwò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

TTC àti INT jẹ́ kẹ́míkà tí ẹ́ńsáìmù ń sọ di àwọ̀ pupa tó ń jẹ́ formazan. FDA ń di fluorescein, àwọ̀ tó ń tàn. p-nitrophenol ni àwọ̀ tí phosphatase ń tú jáde. MUF jẹ́ ohun tó ń tàn tí ẹ́ńsáìmù ń já kúrò lára oúnjẹ ìdánwò. nm ni nánòmítà, ibi tí ẹ̀rọ ti ń ka ìmọ́lẹ̀.

| Ìdánwò | Ilẹ̀, àkókò, ooru | Ibi kíkà | Ibi tí kábọ́nù ti ń tàn wá |
|---|---|---|---|
| Dehydrogenase, TTC | 6 g, wákàtí 24, 37 °C | 485 nm | formazan lẹ̀ mọ́ ọn gan-an |
| Dehydrogenase, INT | 1 g, wákàtí 2, 40 °C | 464 nm | bákan náà, ṣùgbọ́n àkókò kúrú |
| FDA | 2 g, ìṣẹ́jú 20, 30 °C | 490 nm | fluorescein ń lẹ̀ mọ́ ọn |
| Phosphatase | 1 g, wákàtí 1, 37 °C | 400–410 nm | p-nitrophenol ń lẹ̀. Àwọ̀ graphene oxide ń dà pọ̀ |
| Urease | 5 g, wákàtí 2, 37 °C | 690 nm | kéré |
| Ìdánwò oní-MUF | omi ilẹ̀ nínú àwo oníhò 96 | 365/450 nm | kábọ́nù ń pa ìmọ́lẹ̀ kú |

*Dehydrogenase* ni gbogbo ènìyàn fẹ́ràn, òun náà ló ń tan ènìyàn jù. Inú sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè ló ti ń ṣiṣẹ́, ìdí nìyẹn tí a fi ń kà á sí àmì ẹ̀mí ilẹ̀. Ní ọ̀nà TTC, ilẹ̀ 6 g tí a ti po calcium carbonate díẹ̀ mọ́ (0.2 g fún ilẹ̀ 20 g) gba 1 mL TTC 3% àti 2.5 mL omi, a dé e pa, a fi sínú òkùnkùn. Lẹ́yìn wákàtí 24, a fi methanol fọ àwọ̀ pupa náà jáde títí methanol kò fi ní pupa mọ́, a sì sọ gbogbo rẹ̀ di 100 mL. Ẹ kíyè sí òkùnkùn yẹn: ìmọ́lẹ̀ ń yí TTC padà láìsí ẹ́ńsáìmù. Ọ́síjìn náà ń bá TTC du elẹ́kítírọ́ọ̀nù, torí náà ẹ má fi afẹ́fẹ́ sílẹ̀ lórí ilẹ̀ inú ìgò.

Ibi tí kábọ́nù ti ń wọlé nìyí. Formazan pupa náà kò fẹ́ràn omi, nanotube kò fẹ́ràn omi. Àwọn méjèèjì á rí ara wọn. Ní 2006, àwọn tó ń fi irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀ dán sẹ́ẹ̀lì ènìyàn wò ti rí i pé formazan MTT lẹ̀ mọ́ nanotube oníwé-kan, sẹ́ẹ̀lì sì dà bí ẹni tó kú nígbà tó wà láàyè. Nígbà tí wọ́n lo WST-1, tí formazan tirẹ̀ ń yọ́ nínú omi, sẹ́ẹ̀lì kan náà hàn pé ara rẹ̀ dá. Àrùn yìí kì í ṣe ti ilẹ̀ nìkan.

Oògùn rẹ̀ ni ìdánwò ìgbàpadà. Fún ìwọ̀n kábọ́nù kọ̀ọ̀kan, ẹ mú ilẹ̀ 6 g tí kò gba TTC, ẹ fi formazan tí ẹ mọ iye rẹ̀ sí i, kí ó jókòó wákàtí 24, kí ẹ sì fọ̀ ọ́ jáde bíi ti tẹ́lẹ̀. Bí 100 µg wọlé tí 70 µg jáde, ìgbàpadà jẹ́ 0.70, ẹ fi 0.70 pín iye tí ẹ kà. Ẹ ṣe é ní ìwọ̀n méjì, ọ̀kan kéré, ọ̀kan pọ̀, torí kábọ́nù kì í di ohun kékeré àti ohun púpọ̀ mú ní ìdá kan náà. Tí ìgbàpadà bá rẹlẹ̀ ju ìdajì lọ, ẹ má tún un ṣe mọ́; ẹ ju ìdánwò náà sílẹ̀ fún ìwọ̀n yẹn.

Ohun kan tún wà tó burú jù, torí kì í hàn. Bí kábọ́nù kúnnákúnná bá kọjá lára bébà asẹ́, ó ń dú omi náà, ẹ̀rọ á sì kà á mọ́ àwọ̀. Formazan ń sọnù ní apá kan, dúdú ń wọlé ní apá kejì, àpapọ̀ rẹ̀ á wá dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀ àfiwé. A ó ní kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀! Ìdí nìyẹn tí ìwọ̀n kábọ́nù kọ̀ọ̀kan fi gbọ́dọ̀ ní òfìfo tirẹ̀, ilẹ̀ àti kábọ́nù láìsí TTC. Ẹ tún fi ilẹ̀ tí a ti sè nínú autoclave ṣe ọ̀kan pẹ̀lú TTC, torí kábọ́nù kan lè yí àwọ̀ yìí padà láìsí ẹ̀dá alààyè kankan.

INT sàn ju TTC lọ níbi tí iná kì í dúró. Wákàtí 2 rọrùn láti fi jẹnẹrétọ̀ ṣọ́. Wákàtí 24 láìsí iná já lójijì, ẹ mọ bí ìyẹn ṣe rí. Ọ́síjìn kì í sì yọ INT lẹ́nu tó ti TTC. Ohun tí a fi ń fọ àwọ̀ rẹ̀ jáde, dimethylformamide pẹ̀lú ethanol, lóró. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà tinrin kò tó fún un.

*FDA* yára, ó sì ń fún ẹni tó yára ní ìjìyà. Ilẹ̀ 2 g, buffer phosphate (omi tó ń mú pH dúró lójú kan) 60 mM 15 mL ní pH 7.6, FDA 1 mg/mL nínú acetone 0.2 mL, a rò ó fún ìṣẹ́jú 20, a sì fi chloroform pẹ̀lú methanol, 2:1, 15 mL dá a dúró. Ìṣẹ́jú kan tí ẹ bá fi pẹ́ lórí ìgò kan jẹ́ ìdá kan nínú 20 gbogbo àkókò, nítorí náà ẹ tò wọ́n ní ìdajì ìṣẹ́jú síra wọn nígbà fífi sí àti nígbà dídá dúró. Ẹ ṣe ìgbàpadà fluorescein bíi ti formazan.

*Phosphatase* ní àrékérekè tirẹ̀. Ní pH 6.5, ọ̀pọ̀ p-nitrophenol kò ní iná mànàmáná (charge) lára, ó sì ń lẹ̀ mọ́ nanotube. Bó bá kọjá pH 7 dáadáa, ó ń gba iná òdì, ó sì ń jáwọ́ díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà phosphatase ti pH 11 kì í bàjẹ́ tó ti pH 6.5 lábẹ́ kábọ́nù kan náà. Ṣùgbọ́n tí ilẹ̀ yín bá jẹ́ onásíìdì, phosphatase onípH kékeré ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ kò lè sá fún un torí ó ṣòro. Lẹ́yìn wákàtí kan, 1 mL calcium chloride 0.5 M ló ń ṣaájú, kí 4 mL sodium hydroxide 0.5 M tó tẹ̀ lé e. Ẹ má fo calcium chloride: òun ló ń mú kí ohun dúdú ilẹ̀ àti graphene oxide wọ́jọ kí bébà asẹ́ lè gbà wọ́n. Níbi òfìfo, ẹ̀yìn sodium hydroxide ni p-nitrophenyl phosphate ti ń wọlé.

*Urease*, ẹ́ńsáìmù tó ń wó urea, ni ààyò wa. Ohun tó ń jáde níbẹ̀ jẹ́ ammonium, kì í ṣe àwọ̀ olóòrùka tí nanotube ń wá kiri. Ilẹ̀ 5 g gba 2.5 mL urea 0.08 M; lẹ́yìn wákàtí 2, 50 mL potassium chloride 1 M tí ó ní hydrochloric acid 10 mM á fà á jáde fún ìṣẹ́jú 30. Graphene oxide lè di ammonium mú, ṣùgbọ́n potassium tó pọ̀ báyìí á lé e kúrò, iyọ̀ náà á sì jẹ́ kí ewé graphene wọ́jọ sílẹ̀, omi asẹ́ á mọ́. Ibi tó kù díẹ̀ káàtó ni pé bàbà àti àwọn irin mìíràn ń dá urease lọ́wọ́ kọ́, nítorí náà ilẹ̀ àfiwé kejì yẹn ṣe pàtàkì gidi níbí.

*MUF* ń fún ni ní ẹ́ńsáìmù mẹ́fà, méje lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì gba ẹ̀rọ tó ń ka fluorescence. Kábọ́nù dúdú ń pa ìmọ́lẹ̀ kú, MUF náà sì ń lẹ̀ mọ́ ọn, nítorí náà ìlà òdiwọ̀n tí ẹ ṣe nínú buffer lásán kò wúlò. Ẹ ṣe ìlà òdiwọ̀n nínú omi ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan, fún ìwọ̀n kábọ́nù kọ̀ọ̀kan, ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò bá ní àkókò fún ìyẹn, kó fi í sílẹ̀.

Ẹ fi *mímí ilẹ̀* ti gbogbo rẹ̀ lẹ́yìn, torí kábọ́nù kì í fọwọ́ kan ohun tí a ń kà níbẹ̀. Ilẹ̀ 50 g nínú ìgò ńlá tó dé pa, pẹ̀lú ìgò kékeré 10 mL sodium hydroxide 0.5 M nínú rẹ̀. Ẹ fi barium chloride sí i, ẹ fi hydrochloric acid 0.5 M ṣe titration pẹ̀lú phenolphthalein: mílílítà 1 tó yàtọ̀ sí ti ìgò òfìfo jẹ́ 11 mg carbon dioxide. Ẹ rọ ilẹ̀ ní omi ní ọjọ́ méje ṣáájú; bí ilẹ̀ gbígbẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mu omi, mímí rẹ̀ á ga sókè fún ọjọ́ mélòó kan, á sì bo ohun gbogbo mọ́lẹ̀.

Tí owó bá gba méjì péré, mímí àti urease ni. Ẹ̀kẹta ni dehydrogenase pẹ̀lú ìgbàpadà rẹ̀. Ẹ kà wọ́n ní ọjọ́ 1, 3, 7, 14 àti 28, ìgò mẹ́rin fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan ó kéré tán. Ẹni tó kà ní ọjọ́ 3 nìkan á kígbe ewu, ẹni tó kà ní ọjọ́ 28 nìkan á ní kò sí nǹkan kan, ilẹ̀ kan náà ni wọ́n sì lò.

Bí a ṣe ń ka àbájáde

Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ń dá sí ọ̀rọ̀. Ohun jíjẹrà tó ń bo kábọ́nù pọ̀ nínú ilẹ̀ dúdú ilẹ̀ òkèèrè. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ oko tó ti gbó ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà jẹ́ oníyanrìn, ohun jíjẹrà inú wọn kò tó nǹkan. Ẹ má gbé ìwọ̀n tí kò ṣe nǹkan kan níbòmíràn wá síbí láìdán an wò.

Tí dehydrogenase bá já wálẹ̀ tí mímí àti urease dúró gbọn-in, ẹ wo ìgbàpadà kẹ́ ẹ tó wo ẹ́ńsáìmù. Tí gbogbo wọn bá já, tí ilẹ̀ tó gba omi kábọ́nù nìkan náà sì já, irin tàbí ásíìdì ni: ẹ wọn pH ilẹ̀, ẹ padà lọ fọ kábọ́nù yín. Tí nánò bá mú un já, tí èédú kò mú un já, tí ìgbàpadà wà lókè 0.9, tí omi kábọ́nù kò ṣe nǹkan kan, ẹ lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé kábọ́nù nánò ló ṣe é, ní ìwọ̀n yẹn, nínú ilẹ̀ yẹn. Tí mímí bá lọ sókè ní ọjọ́ 1 sí 3, ẹ béèrè ohun tí wọ́n fi tú kábọ́nù náà ká lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún yín. Oúnjẹ bakitéríà lè wà nínú ìgò náà láìsí lára àkọlé rẹ̀.